Bí a ṣe ń darí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ nínú ìjọ: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò wá

Nínú ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 20, a ka ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Éútíkù, tí ó jókòó sí ojú fèrèsé nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń wàásù títí di ọ̀gànjọ́ òru. Oorun gbé e lọ, ó sì ré bọ́ láti àjà kẹta. Oorun ọmọ náà ni a sábà máa ń bá wí bí a bá ń sọ ìtàn yìí. Ohun tí èmi máa ń wò níbẹ̀ ni pé Pọ́ọ̀lù dá ọ̀rọ̀ dúró, ó sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì gbá ọmọ náà mọ́ra kí ó tó padà gòkè. Ẹni tí ìjọ bá fi ọ̀dọ́ lé lọ́wọ́, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn: kí ó máa wo ojú fèrèsé, kí ó mọ ẹni tí ó ti ń tòògbé, kí ó sì ṣe tán láti sọ̀kalẹ̀ lọ bá ẹni tí ó ti ṣubú. Orin, ètò àti àpéjọ ńlá ń tẹ̀lé e lẹ́yìn ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni kí ẹ lọ rí olùṣọ́-àgùntàn àti àwọn alàgbà kí ẹ tó pe ìpàdé kankan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ẹ máa bójú tó, ẹni tí ẹ ó máa jábọ̀ fún, àti ibi tí owó yóò ti máa wá; kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, ọmọ ọdún 13 ni à ń pè ní ọ̀dọ́, ẹni ọdún 35 tí ó ti bí ọmọ méjì náà sì ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì kò lè jọ máa gba ẹ̀kọ́ kan náà, nítorí pé ohun tí ó ń da èyí láàmú kò tíì dé ọ̀dọ̀ èkejì rárá. Bí yàrá kan ṣoṣo bá ni ìjọ ní, ẹ jọ kọrin, ẹ jọ gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kí àwọn ọ̀dọ́langba tí wọn kò tíì pé ọdún 18 bọ́ sí abẹ́ igi níta pẹ̀lú olùkọ́ tiwọn.

Bí àgbà kan bá sọ pé ọmọdé kò tíì lè ṣe iṣẹ́ ńlá nínú ìjọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ rán an létí pé Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì ìjọ CAC, ọmọ Odò-Ọ̀wá ní gúúsù Kwara níhìn-ín, ni wọ́n bí ní 1904, àti pé ẹni ọdún 24 péré ni ní 1928 nígbà tí ó gbọ́ ìpè Ọlọ́run nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì.

Ìgbésẹ̀ kejì ni ìwé orúkọ, mo sì fẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ ra ìwé kan tí èèpo rẹ̀ le, kí ẹ fún ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ilé wọn àti ọ̀nà tí a ń gbà dé ibẹ̀, orúkọ òbí tàbí alágbàtọ́ àti nọ́ńbà fóònù wọn, ilé-ìwé tí ó ń lọ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ń kọ́, ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, àti ohun tí ó ń gbàdúrà fún. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ ti rí i nílé gbẹ̀yìn. Òfin tí mo fi lélẹ̀ fún ara mi ni pé ẹni tí ó bá pa ìpàdé jẹ lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ẹnì kan nínú wa gbọ́dọ̀ ti dé ilé rẹ̀ kí ìpàdé kẹta tó pé.

Ìbànújẹ́ ni ó kọ́ mi ní òfin yìí. Ọmọkùnrin kan wà tí ó máa ń lu ìlù fún wa. Ó ṣe oṣù kan gbáko tí a kò fi rí i, àwa olùdarí sì ń sọ láàrin ara wa pé ayé ti gbé e lọ, a tilẹ̀ ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Nígbà tí mo wá dé ilé wọn, ẹ̀yìnkùlé ni mo bá a, ó ń fọ bàtà kan ṣoṣo tí ó ní. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti là, ó fi okùn ọ̀rá so ó mọ́ra. Bàtà yẹn ni kò jẹ́ kí ó wá, nítorí pé iwájú gbogbo ènìyàn ni onílù ń jókòó sí. Oṣù kan ni a fi gbàdúrà lé e lórí láìsí ẹni tí ó yà á wò, ó sì ń dùn mí títí di òní. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí àyè òfìfo lórí àga, ìbéèrè tí mo ń kọ́kọ́ bi ara mi ni bóyá ohun kan ń tì í lójú.

Bí ẹ bá ń lọ sí ilé wọn, ẹ rántí ìlú tí a wà. Ní Ìlọrin, àti dé Ọ̀fà pàápàá, ọ̀pọ̀ ilé ni Mùsùlùmí àti Kristẹni ti jọ ń gbé, tí ọmọ ń bá ìyá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí bàbá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bàbá ni kí ẹ kọ́kọ́ kí. Ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀ bí ó ti yẹ, ẹ sọ orúkọ yín àti ìjọ tí ẹ ti wá, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ bá wá láìfi nǹkan kan pamọ́. Ẹ má ṣe lọ ní àkókò ìrun, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe lọ ní àkókò ìṣínu nínú oṣù àwẹ̀, àfi bí wọ́n bá pè yín wá jẹun. Bí òbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 bá ní òun kò fẹ́ kí ọmọ òun wá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa kí ọmọ náà lójú ọ̀nà, kí ẹ má sì fọgbọ́n mú un wá ní ìkọ̀kọ̀. Mo ti rí bàbá tí ó kọ̀ ní ọdún kan, tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú ọmọ wá ní ọdún kejì, nítorí pé àwọn olùdarí náà wá kí i nígbà tí ó ṣàìsàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni yíyan àwọn olùrànlọ́wọ́ àti ìdáàbòbò ọmọ. Ẹ kò gbọdọ̀ dá ṣe é. Ó kéré tán, kí ọkùnrin kan àti obìnrin kan wà, àwọn tí ìjọ ti mọ ìwà wọn fún ìgbà pípẹ́; ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, kí ó kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú wa ná, bí ó ti wù kí ẹnu rẹ̀ dùn tó. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà, ti ọdún 2003, ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ó rí lójú wa. Kí olùdarí má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, ìbáà ṣe nítorí àdúrà. Bí ọmọ bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí, ẹ jókòó síbi tí ojú àwọn ẹlòmíràn lè tó yín, tí etí wọn kò lè tó yín. Kí olùdarí má ṣe máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọdé lóru.

Bí ọmọ kan bá sọ fún yín pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun ní ọ̀nà tí kò tọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ẹ má ṣe ṣèlérí pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì bi í ní ìbéèrè bí adájọ́. Ẹ kọ ohun tí ó sọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ọ́, ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ olùṣọ́-àgùntàn àti òbí rẹ̀, àfi bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ni ó dárúkọ. Lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn àti àwọn ọlọ́pàá. Àwọn kan nínú ìjọ yóò sọ fún yín pé kí á bo ara wa láṣìírí, pé orúkọ ìjọ yóò bàjẹ́. Ẹ má gbà. Ọmọ náà ni ó ń bẹ ní ojú fèrèsé.

Ọjọ́ àti àkókò ìpàdé ni ìgbésẹ̀ kẹrin. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn kí ẹ tó mú ọjọ́. Ọjọ́ Sátidé kì í rọrùn fún ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, nítorí pé ọjọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Ọjà ọrọọrún náà máa ń yí kiri láàrin ọ̀sẹ̀. Láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó wà nínú oko kajú pẹ̀lú àwọn òbí wọn. Àgógó mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ó bá wa lára mu jù. Kí ìpàdé má ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ: orin àti àdúrà, ẹ̀kọ́ tí kò ju ìṣẹ́jú 20 lọ, ìjíròrò tí ó gùn ju ẹ̀kọ́ lọ, ìkéde díẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú bá àwọn ọmọbìnrin lọ́nà.

Ní ti ẹ̀kọ́, ẹ wá agolo kan tí ẹ lu ihò sí lórí, kí oníkálùkù máa kọ ìbéèrè sínú bébà láìkọ orúkọ. Ẹ ó rí i pé ohun tí wọ́n ń béèrè kọ́ ni à ń wàásù lé lórí. Wọn yóò béèrè nípa tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, nípa ọ̀rẹ́ tí ó ń ṣe yahoo tí ó sì ń san owó ilé-ìwé àwọn àbúrò rẹ̀, nípa ọ̀rẹ́kùnrin àti ọ̀rẹ́bìnrin. Ní àwọn ìlú Ìgbómìnà, wọn yóò béèrè ohun tí àwọn yóò ṣe nígbà tí egúngún ìdílé bá ń jáde, tí bàbá àgbà sì ní kí gbogbo ọmọ ilé wá. Ẹ má ṣe bú ohun àwọn baba wọn níwájú wọn. Ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń kúnlẹ̀ sọ fún àgbà pé ìgbàgbọ́ ẹni kò gba ẹni láàyè, kí a sì tún bá a ṣe iṣẹ́ ilé mìíràn ní ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ka Bíbélì Yorùbá sókè, pàápàá àwọn ọmọ Ìlọrin tí Gẹ̀ẹ́sì ti wọ̀ lẹ́nu. Láti 1884 ni gbogbo rẹ̀ ti wà ní èdè wa, ìṣòro ibẹ̀ sì ni pé bí ọmọ kò bá ti mọ àmì ohùn, igbá, ìgbà àti igba yóò di ọ̀kan náà lẹ́nu rẹ̀.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà: ọ̀dọ́ ń wá ohun tí yóò fi agbára rẹ̀ dán wò. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ tí yóò hàn bí wọn kò bá ṣe é. Kí àwọn tí ó wà ní Yunifásítì Ìlọrin máa kọ́ àwọn tí yóò ṣe ìdánwò JAMB. Kí àwọn mìíràn máa pọn omi fún àwọn ìyá àgbà tí kò ní ẹnì kan nílé. Àwọn àgùnbánirọ̀ wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ọdún kan ni tiwọn, nítorí náà ẹ má ṣe fi wọ́n ṣe olórí. Owó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹni méjì ni kí ó máa kà á, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó má sì wọ àpò olùdarí.

Bí ẹ bá ń kó wọn lọ sí àgọ́ ní àkókò Àjíǹde, ẹ gba ìwé tí òbí fọwọ́ sí, ẹ rin ìrìn àjò ní ọ̀sán, kí ẹ sì béèrè àìsàn tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ mú oògùn rẹ̀ dání. Ẹni tí ó ní fòníkú-fọ̀ládìde kò gbọdọ̀ gba ààwẹ̀ láìmu omi, kò sì gbọdọ̀ sun inú òtútù, nítorí pé àìmu omi àti òtútù lè dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sọ èyí fún un níkọ̀kọ̀ kí ọjọ́ tó pé, kí ó má baà gba ààwẹ̀ nítorí ojú ẹgbẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò lọ. Láti Òmù-Àrán tàbí Ìgbàjà, ilé-ìwé yóò gbé wọn lọ sí Ìlọrin, sí Èkó, sí ibi tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe fa ojú ìwé wọn ya. Kí ọmọ tó wọ ọkọ̀, ẹ ti bá olùdarí kan sọ̀rọ̀ ní ìlú tí ó ń lọ, kí ẹ sì pè é ní ọ̀sẹ̀ kejì láti mọ̀ bóyá ó ti rí ibi jókòó.

Bí àkókò bá tó tí ẹ̀yin náà yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìdúpẹ́ ni kí ẹ gbé ìwé orúkọ náà fún ẹni tí ó rọ́pò yín. Ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ẹ mú ẹni náà dání, kí ẹ jọ lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú ìwé náà, kí àwọn òbí mọ ojú rẹ̀, kí ó sì mọ ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé àwọn tí kò wá mọ́. Bí ó bá ku ilé kan ṣoṣo tí ẹ kò tíì dé, ẹ má tíì gbé ìwé náà fún un.