Bí mo ṣe tún ojú òpó mi ṣe kí agbanisíṣẹ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò

Nínú fọ́ọ̀mù tí ilé-iṣẹ́ kan tí mo wáṣẹ́ lọ síbẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní kí n kọ orúkọ tí mo ń jẹ́ lórí Facebook àti X, pé àwọn yóò yẹ ibẹ̀ wò kí àwọn tó pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. N kò bá wọn jà sí i. Ohun tí ènìyàn bá gbé síta gbangba, ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ohun tí wọn yóò bá níbẹ̀ kí àwọn tó dé ibẹ̀.

Ojú àjèjì ni mo kọ́kọ́ fi wo ara mi. Mo ṣí Incognito lórí Chrome, níbi tí n kò ti wọlé sí àkáǹtì kankan, mo sì fi orúkọ mi àti nọ́ńbà fóònù mi wá ara mi lórí Google. Lórí Facebook, mo tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà nítòsí àwòrán mi, mo yan View as, ó sì fi ojú òpó mi hàn mí bí ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi ṣe ń rí i. Ohun tí mo fúnra mi kọ kò tilẹ̀ kọ mí lóminú tó ohun tí ẹlòmíràn kọ nípa mi. Àǹtí mi kan ti táàgì mi lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n dárúkọ àìsàn náà, wọ́n sì ní kí gbogbo ará bá wa gbàdúrà. “Àmín” tò lọ rẹrẹẹrẹ lábẹ́ rẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ tó bá kà á yóò ti mọ àìsàn tó ṣe mí kí ó tó mọ iṣẹ́ tí mo lè ṣe. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà, tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun ẹlẹgẹ́ tí a kì í lò bó ṣe wuni. Síbẹ̀ kò sí òfin tó lè yọ ohun tí ènìyàn ti kà kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Mo pe àǹtí náà.

“Ṣé àdúrà tí Ọlọ́run ti gbọ́ lo ní kí n wá pa rẹ́?”

“Rárá mà. Ẹ kàn jẹ́ kó jẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ yín nìkan ni yóò máa rí i.”

Orí fóònù ni mo ti tọ́ wọn sọ́nà títí wọ́n fi yí i kúrò ní Public sí Friends. Bí mo bá yọ táàgì nìkan, ọ̀rọ̀ náà yóò ṣì wà ní gbangba lójú òpó wọn pẹ̀lú orúkọ mi nínú rẹ̀.

Tèmi yá ju ìyẹn lọ. Ètò Facebook kan tó ń jẹ́ Limit past posts ló sọ gbogbo ohun àtijọ́ tí mo fi síta di ti ọ̀rẹ́ nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kan ohun tí mo kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ìwé ìròyìn. Ìwọ̀nyẹn ni mo ní láti tú lọ́kọ̀ọ̀kan nínú Activity Log, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí mo ti ṣe lórí Facebook, ó sì sú mi gan-an. Èyí tí mo kọ nípa ìyanṣẹ́lódì ASUU àti ìdìbò, mo fi í sílẹ̀. Bí agbanisíṣẹ́ kan kò bá lè fara mọ́ ọn, ó sàn kí n tètè mọ̀.

Lórí X, mo kọ from: mọ́ orúkọ mi àti until: mọ́ déètì tí mo fẹ́ sínú àpótí ìwákiri, àwọn ohun àtijọ́ sì jáde. Àwọn ohun tí mo tẹ àmì ọkàn (Like) sí níbẹ̀ kò dà mí láàmú, nítorí pé láti oṣù kẹfà 2024 ni X ti fi wọ́n pamọ́ kúrò lójú àwọn ẹlòmíràn.

Fọ́ọ̀mù náà kò béèrè páswọ́ọ̀dù, n kì bá sì ti fún wọn. Ní Maryland ní Amẹ́ríkà, láti 2012 ni òfin ti ka irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún agbanisíṣẹ́. Níbí, abala 37 ìwé òfin 1999 ló dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè àti lẹ́tà rẹ̀. Nígbà tí mo dá fọ́ọ̀mù náà padà, mo fi ìbéèrè kan tì í: ta ni yóò rí ohun tí ẹ bá kó jọ nípa mi, báwo ni yóò sì ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ yín? Wọ́n fèsì pé ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ nìkan ni, àti pé àwọn yóò pa á rẹ́ bí wọn kò bá gbà mí. Mo tọ́jú lẹ́tà náà.