Ẹja Tó Dà Bíi Kànrìnkàn Jẹ Ẹja Mi Mẹ́ta

Láàárín ọjọ́ méjì péré, ẹja mẹ́ta ló run nínú àpótí gíláàsì mi, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ẹni tó ta frogfish fún mi ló ní ẹja jẹ́jẹ́ ni, pé ojú kan ló máa ń jókòó sí. Lóòótọ́ ni. Àmọ́ kò sọ fún mi pé ńṣe ló lúgọ.

Ẹja ọ̀pọ̀lọ́ ni mo ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń lóṣòó sórí òkúta. Etí òkun ilẹ̀ olóoru ni irú rẹ̀ ń gbé, láàárín iyùn àti kànrìnkàn òkun, ara rẹ̀ náà sì rí gbágungbàgun bíi tiwọn. Egungun tín-ínrín kan yọ lókè ẹnu rẹ̀, ẹran kékeré wà ní ṣóńṣó rẹ̀, òun ló ń fì bí ìdẹ. Ẹja tó bá rò pé edé tàbí ekòló ni, tó sì sún mọ́ ọn, ti wọ gàù: ẹja ọ̀pọ̀lọ́ á la ẹnu, á fa omi àti ẹja wọlé pọ̀ láàárín ìdá 6 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó lè gbé ẹja tó tóbi tó òun alára mì. Bí ẹkẹta mi ṣe lọ nìyẹn.

Bí a ṣe ń po omi iyọ̀ àti bí a ṣe ń sẹ́ ẹ, ẹni tó ń sin ẹja òkun ti mọ̀ ọ́n. Mo fún un ní àpótí tirẹ̀, ó tán.

Oúnjẹ ló wá dójú sú mi. N kò fẹ́ máa fi ẹja alààyè bọ́ ọ, ẹja yìí kò sì ka ohun tí kò bá mira sí oúnjẹ. Mo ju ẹran ẹja sí i níwájú, kò wò ó. Ẹran jẹrà, omi dọ̀tí, mo tún omi pò. Mo so ẹran mọ́ òwú, ó ń yí bírí bí ewé. Mo fi ọ̀pá tín-ínrín gún un, mo ń mì ín kíkankíkan, ló bá kẹ̀yìn sí mi. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó la ẹnu gbàgàdà, inú mi dùn. Ó kàn yán ni.

Mo wá jókòó, mo ń wo ìdẹ tirẹ̀. Kì í fì í láìdúró. Á fì í díẹ̀, á dáwọ́ dúró, á tún fì í. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 11, ó fi apá rẹ̀ méjèèjì rìn wá bí ẹranko orí ilẹ̀, ó dúró, ọ̀pá fò lọ́wọ́ mi, ẹran ti lọ! Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé sáré wọlé.

Ká ní mo mọ̀ ni, n kì bá tí fi ẹja kankan sọ́dọ̀ rẹ̀, ì báà tóbi. N kì bá sì tí fi àwọ̀n gbé e jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ó lè gbé afẹ́fẹ́ mì, kí ó má lè tú u jáde mọ́. Abọ́ ni kí ẹ fi bù ú tomi-tomi. Ẹ má sì bọ́ ọ lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó.

Àwọ̀ ìyeyè ló ní nígbà tó dé. Díẹ̀díẹ̀ ló ń pọ́n bí òkúta tó jókòó lé, láàárọ̀ yìí mo wá a títí kí n tó rí i.