Bí a ṣe ń yẹ ìtọ́jú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wò fún ẹni tí kókó wà nínú ọpọlọ rẹ̀

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kókó wà nínú ọpọlọ ẹbí yín ní Òṣogbo, tí ẹnìkan sì ń polówó abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ (stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì ara) fún yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí sẹ́ẹ̀lì náà fẹ́ ṣe gan-an. Ìdí ni pé lọ́dún 2004, àwọn onímọ̀ ní Toronto, ní Kánádà, fi hàn pé 100 péré nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó jọ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, tí wọ́n yọ láti inú kókó ọpọlọ ènìyàn, lè mú kí kókó tuntun hù nínú ọpọlọ eku. Àwọn mìíràn ń dán an wò bóyá sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ lè gbé oògùn lọ bá kókó náà níbi tó wà. Ìwádìí ṣì ni èyí.

Ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ìwádìí náà lórí ClinicalTrials.gov, ìkànnì tí wọ́n ti ń forúkọ ìwádìí ìṣègùn sílẹ̀, àti ìwé àṣẹ NAFDAC bó bá jẹ́ Nàìjíríà ni wọn yóò ti ṣe é. Ìforúkọsílẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí o. Ọmọkùnrin ará Ísírẹ́lì kan gba irú abẹ́rẹ́ yìí ní Moscow nítorí àìsàn mìíràn, kókó sì hù nínú ọpọlọ rẹ̀ láti ara sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fún un. Ọdún 2009 ni ìròyìn rẹ̀ jáde.

Ẹ kó fíìmù MRI àti èsì àyẹ̀wò lọ bá dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, bíi ní UCH Ìbàdàn, kí iṣẹ́ abẹ tàbí ìtọ́jú onítànṣán tó yẹ aláìsàn má baà falẹ̀.