Bí mo ṣe wọn ilé àtijọ́ kan ní Òkè Ìdànrè

Bàbá ìyàwó mi ló ní kí n bá àwọn ya àwòrán ilé tí wọ́n bí bàbá wọn sí lórí Òkè Ìdànrè, kí òjò tó wó ìwọ̀nba ògiri tó kù. Àwòrán ilé ni mo fi ń jẹun l'Ákùúrẹ́, mo sì fọwọ́ sọ̀yà pé iṣẹ́ wákàtí méjì ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gun òkè yẹn kí iṣẹ́ tó parí.

Àtẹ̀gùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. 660 ni wọ́n máa ń pè é, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. Mo ní kí n kà á fúnra mi, àmọ́ nígbà tí mo fi dé ibi ìsinmi kẹta, èémí ni mò ń kà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ṣamọ̀nà mi kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Èèyàn kò lè rí ìlú náà láti ìsàlẹ̀. Àpáta yí i ká, òun gan-an sì ni odi wọn láyé ogun. Ufẹ̀ Òkè ni wọ́n ń pè é. Ní 1923 ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí Òdòdè ní ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n fi ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́, ojúbọ àti sàréè àwọn baba wọn sílẹ̀ lókè. Láti 2007 ni orúkọ ibẹ̀ ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Òjò kò gbọ́ ìyẹn o.

Yàrá ló yí àgbàlá ká nínú ilé tá a lọ wọ̀n, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà níwájú àwọn yàrá náà. Òrùlé ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dojú kọ àgbàlá, inú ilé ni gbogbo òjò ń rọ̀ sí. Mo wá bi ẹ̀gbọ́n léèrè ibi tí omi ń gbà jáde. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tu koríko, ni ihò kan bá yọjú lábẹ́ ògiri. Mo da omi inú ike mi sílẹ̀ láti dán an wò: ó ṣàn tààrà lọ síbẹ̀! Ẹni tó tẹ́ ilẹ̀ yẹn mọṣẹ́.

Lọ́jọ́ kìíní, gígùn ògiri nìkan ni mo wọ̀n. Nígbà tí mo yà á lálẹ́, igun ilé kò pàdé. Ọ̀gá ayàwòrán! Ojú àpáta ni wọ́n ń tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n ń mọlé, kò sí igun kan tó dọ́gba. Lọ́jọ́ kejì, a na téèpù láti igun kan sọdá sí igun tó kọjú sí i, ó sì bọ́ sípò.

Mo gbé ìwé lọ fún Bàbá. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n pa páànù tí mo kọ síbi òrùlé rẹ́: ewé gbòdògì ni wọ́n fi bo ilé náà kí páànù tó dé. Wọ́n wá fi ìka tọ ògiri ẹ̀yìn.

"Àna mi, ilẹ̀kùn tí ìyá wa àgbà ń gbà lọ sódò dà?"

Mo ní kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀. Wọ́n ní ó wà, pé ìyá àgbà fẹnu ara wọn sọ ọ́.

Mo tún gùn ún. Àwọn tó kọ́ ilé yẹn a máa fẹsẹ̀ po amọ̀, wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ìlà tó wà láàárín ìpele kan sí èkejì ṣì hàn lára ògiri. Mo ń fi ìka tọ ìlà kan lọ lára ògiri ẹ̀yìn, àfi bó ṣe já lójijì. Ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta síwájú, ó tún bẹ̀rẹ̀. Amọ̀ àárín wọn pupa ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ.

Wọ́n ti dí ilẹ̀kùn ìyá àgbà pa. Mo jókòó sórí àpáta, mo pa ògiri rẹ́ lórí ìwé, mo yà á síbẹ̀.