Bí Mo Ṣe Tún Ètò CT Àwọn Ọmọdé Tò Níbi Iṣẹ́ Wa

Ọmọ ọdún méjì kan ló là mí lójú. Ó já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, dókítà ní ká fi CT, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ya àwòrán inú ara, ya orí rẹ̀. A yà á tán, mo wá wo nọ́ńbà ojú kọ̀ǹpútà: 120 kV (agbára ìtànṣán), mAs rẹ̀ (bí ìtànṣán ṣe pọ̀ tó) sì jẹ́ iye kan náà tí a ń lò fún bàbá àgbàlagbà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bí wọ́n ṣe tò ó sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ dé la ṣe ń lò ó.

CT kan ṣoṣo kì í ṣe àjálù o. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ara ọmọdé ń pín kánkán, ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣì gùn níwájú, àyè wà fún jẹjẹrẹ láti yọjú lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Láti 2008 ni ìpolongo Image Gently ní Amẹ́ríkà ti ń pariwo pé kí a má fi ìwọ̀n àgbà ya ọmọdé.

Mo kó àkọsílẹ̀ oṣù méjì jọ, mo ń kọ CTDIvol (ìwọ̀n ìtànṣán tí ẹ̀rọ ń tú jáde) àti DLP (àpapọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ibi tí a yà) ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Nọ́ńbà ikùn àwọn ọmọ kéékèèké kéré, inú mi ti ń dùn, àfìgbà tí onímọ̀ físíìsì wa bi mí pé ike oníwọ̀n (ike tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ ara èèyàn) wo ni ẹ̀rọ fi ṣírò. Ike roboto oní-32 sẹ̀ǹtímítà ni, èyí tó dúró fún ikùn àgbà! Ká ní ti 16 tó kéré ni, nọ́ńbà yẹn ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ yẹ ìyẹn wò ná kí ẹ tó yọ̀.

Ìtóbi ara la fi pín àwọn ọmọ sí ìsọ̀rí. Fún ikùn tí a fún lábẹ́rẹ́ ayódíìnì (oògùn tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn dáadáa nínú àwòrán), a sọ kV kalẹ̀ sí 80 tàbí 100, nítorí ayódíìnì máa ń tàn sí i tí kV bá wálẹ̀. Ti mAs rọrùn: gé e sí ìdajì, ìtànṣán di ìdajì. Àmọ́ àwòrán á máa ṣe wínníwínní. Ọ̀gá tó ń ka àwòrán yarí: "Èmi ò ní fọwọ́ sí iyanrìn o." A wá ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi ní ká dúró.

Èyí tó dùn mí jù ni pé à ń ya ikùn ọmọ lẹ́ẹ̀mejì, ṣáájú abẹ́rẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan sì tó fún ọ̀pọ̀ wọn. A yọ ti àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìtànṣán tó lọ láìfọwọ́ kan nọ́ńbà kankan.

Ọmọ tó ń jà ńkọ́? Tó bá mira, àfi ká tún un yà. Fún orí tí kò gba abẹ́rẹ́, mo ní kí ìyá fún un lọ́mú, ká fi ìró wé e pinpin, ká dín iná yàrá kù. Ìyá kan tó wọ aṣọ òjé ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ṣé kò ní pa á lára?" (Gbogbo wa ni nọ́ọ̀sì lójú wọn.) Mo ṣàlàyé, ọmọ sì sùn lọ fọnfọn.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ṣì máa ń tẹ ètò àgbà. Mo ti gbé ètò tuntun sókè pátápátá, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà: ỌMỌDÉ.