Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ká tún fóònù ṣe ni àbí ká kúkú ra òmíì

Ọ̀sẹ̀ kan ò lè lọ kẹ́nì kan má gbé fóònù wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kó gbé e lé orí tábìlì, kó ní "ẹ bá mi wò ó, ṣé kí n tún un ṣe ni àbí kí n kúkú ra òmíì?" Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ìgbà tí Nokia onítọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ohun tójú mi sì ti rí ni pé owó tó ń ṣòfò jù kì í ṣe owó tí wọ́n fi tún fóònù ṣe, owó tí wọ́n fi tún ibi tí ò bàjẹ́ ṣe ni. Wọ́n á ti ra bátìrì tuntun tán kí wọ́n tó mọ̀ pé okùn ṣájà ló já nínú. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n kọ bí mo ṣe máa ń ṣe é sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é

Fóònù tí ò gba iná, ẹ pààrọ̀ okùn, ẹ pààrọ̀ orí ṣájà, ẹ gbé e lọ sí sókẹ́ẹ̀tì míì kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti bàjẹ́. Tó bá ṣì kọ̀, ẹ pa fóònù náà, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹlòmíì tan iná sí ihò tẹ́ ẹ máa ń ki ṣájà bọ̀. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń gbé wá bá mi, òwú àpò ṣòkòtò ló wà níbẹ̀, ó ti dì pa bíi tìmùtìmù, ẹnu ṣájà á wọlé àmọ́ kò ní wọlé tán. Igi ìtayín ni kẹ́ ẹ fi rọra wa á jáde. Ẹ má fi abẹ́rẹ́, ẹ má fi píìnì, torí àwọn irin tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà nínú ihò yẹn, tẹ́ ẹ bá ti tẹ ọ̀kan péré wọ́, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ti di iṣẹ́ olówó nìyẹn. Ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ máa ń bá atẹ́gùn yẹn wọlé.

Fóònù tó ń falẹ̀, ẹ wo bóyá inú ẹ̀ ti kún. Ẹ wọ Settings inú WhatsApp, ẹ wo Manage storage, ẹ máa bá fídíò tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ láti ọdún kẹta níbẹ̀. Ẹ nù wọ́n, ẹ pa fóònù kẹ́ ẹ tún un tàn. Ìdajì àwọn tó fẹ́ ra tuntun torí pé "fóònù mi ti dàgbà," ibí yìí ni wàhálà wọn máa ń parí sí.

Ti bátìrì, àwọn oní-iPhone lè wọ Settings, kí wọ́n wo Battery Health. Apple fúnra wọn sọ pé iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú ẹ̀, wọ́n ṣe bátìrì wọn kó ṣì lè di 80% mú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣájì ẹ̀ ní kíkún nígbà 500, láti iPhone 15 lọ sókè ó di ìgbà 1,000. Tó bá ti wá sábẹ́ 80%, bátìrì ló ń fẹ́, kì í ṣe fóònù. Ti Android, ẹ gbé fóònù lélẹ̀ lórí dígí tábìlì, ẹ yí i bí òòyì, tó bá ń yí tó ń mì jàgìjàgì, tàbí tẹ́ ẹ bá rí i pé ojú ẹ̀ ti ń ṣí sókè létí, bátìrì ti wú nìyẹn. Ẹ má ṣájì ẹ̀ mọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó lè wọlé, ẹ má gún un, ó lè gbiná. Pípààrọ̀ bátìrì ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo máa ń sọ pé kí èèyàn ṣe láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, tí nǹkan míì ò bá ṣáà ti ṣe fóònù náà.

Tí fóònù bá ṣì wà nínú wáràntì, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣí i níta. Tecno, Infinix àti itel, Carlcare ló ń bá wọn ṣe é, ẹ gbé e lọ síbẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì.

Ẹ kó ẹrù yín jáde

Èyí ò le. Àwọn fọ́tò sí Google Photos, nọ́ńbà àwọn èèyàn sí Gmail, WhatsApp sí Google Drive. Ẹ yọ sím, ẹ yọ mẹ́mọ́rì, ẹ jáde nínú áàpù báńkì. Tí dátà ò bá tó, ẹ fi okùn fà á sórí kọ̀ǹpútà, bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, mi ò kì í dúró de íntánẹ́ẹ̀tì.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn: fóònù yàtọ̀, ẹrù inú ẹ̀ yàtọ̀. Tí bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó inú fóònù tí gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ wà lórí ẹ̀, bá ti kú, tí fọ́tò ìsìnkú bàbá yín sì wà nínú ẹ̀, ẹ lè ní kí ẹnjiníà jí i dìde fún wákàtí kan péré kẹ́ ẹ fi kó ẹrù jáde, kẹ́ ẹ sì lọ ra òmíì. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un kó tó fọwọ́ kàn án, torí iṣẹ́ yẹn yàtọ̀ sí kó tún un ṣe kó lè pẹ́, owó ẹ̀ náà sì yẹ kó yàtọ̀.

Ibi tí owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn

Ẹ farabalẹ̀ níbí o. Mo ti rí àwọn ọlọ́gbọ́n èèyàn, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, oníṣòwò ńlá, tí wọ́n ṣi ibí yìí ṣe, ibi kan náà ni gbogbo wọn sì ti ń ṣìnà: wọ́n ń wo iye tí wọ́n ra fóònù. "₦180,000 ni mo rà á, ₦55,000 ò wá pọ̀ jù láti fi tún un ṣe." Ọdún mélòó lẹ rà á? Ẹ gbàgbé iye tẹ́ ẹ rà á. Iye tí irú ẹ̀ gan-an, tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, máa pa tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á lónìí ni kẹ́ ẹ bèèrè, kẹ́ ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta ó kéré tán, ẹni tó ń tà á, ẹni tó ń rà á, àti ẹnì kan tí ò mọ̀ pé tiyín ló bàjẹ́. Tí owó àtúnṣe bá ti ju ìdajì iye yẹn lọ, ẹ má tún un ṣe. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì tó máa bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà, kì í ṣe ìdajì mọ́, ìdámẹ́rin ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ló jẹ́ kí n fi èyí ṣòfin. Fóònù tó rà ní ₦180,000 jábọ́ ní ọdún kẹta, ó gbé e fún ẹnì kan nítòsí ibi iṣẹ́ ẹ̀, ₦55,000 fún skríìnì. Kò tó oṣù méjì, ihò ṣájà, ₦8,000. Lẹ́yìn ẹ̀ bátìrì, ₦15,000. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀dù wá kú pátápátá ló tó sọ fún mi. Mo ro ó fún un lórí bébà, ₦78,000, nígbà tó jẹ́ pé fóònù yẹn nígbà tó ṣì dára, ẹni tó máa san ₦70,000 ò dájú. Ó kàn ń wo bébà yẹn ni, kò sọ nǹkan kan.

Nǹkan kejì ni ìbéèrè. Ẹ má dé ọ̀dọ̀ ẹnjiníà kẹ́ ẹ ní "èló lẹ ń ṣe skríìnì?" Ẹ bi í ní mẹ́ta: kí ló bàjẹ́ gan-an, irú èwo lẹ fẹ́ fi sí i, tí ò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Skríìnì ju oríṣi kan lọ. Orijínà wà, èyí tí wọ́n yọ lára fóònù míì wà, a máa ń pè é ní pull-out, kópì náà wà, owó wọn sì jìnnà síra. Tí fóònù yín bá jẹ́ èyí tó ń lo irú skríìnì tí wọ́n ń pè ní AMOLED, tẹ́ ẹ sì ń tẹ ìka sójú ẹ̀ gan-an kó tó ṣí, tí wọ́n bá fi kópì LCD, irú skríìnì míì tó dínwó, sí i, ibi ìka yẹn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, àwọ̀ ẹ̀ á ṣì, bátìrì á sì máa yára tán. Èmi máa ń yan pull-out tó mọ́ ju kópì tuntun lọ, nígbà gbogbo.

Tó bá jẹ́ dígí òkè nìkan ló fọ́, tí àwòrán ṣì mọ́ tí ọwọ́ sì ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, wọ́n lè pààrọ̀ dígí nìkan, ó sì dínwó gan-an. Ṣùgbọ́n ooru ni wọ́n fi ń ṣí i, skríìnì abẹ́ ẹ̀ lè kú sí ibẹ̀, kẹ́ ẹ wá ra gbogbo ẹ̀ tipátipá. Ẹ bèèrè ẹni tó máa ru ẹrù yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá ní tiyín ni, ẹ gbé fóònù yín.

Kó tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ dán an wò báyìí, nígbà tó ṣì ṣí sílẹ̀. Ẹ tẹ áàpù kan mọ́lẹ̀, ẹ wọ́ ọ yí gbogbo ojú fóònù ká láti igun dé igun, tí ọwọ́ ò bá ṣiṣẹ́ níbì kan, ó máa já sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ pe ẹnì kan, ẹ gbé e sétí, ojú ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn. Ẹ gba ohùn sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò níwájú àti lẹ́yìn. Tó bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, tẹ́ ẹ sì ti sanwó, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn.

Ẹ jókòó tì í. Tí kò bá ṣeé ṣe, tó ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́la, ẹ tẹ *#06# kẹ́ ẹ kọ IMEI tó bá jáde sílẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà tó gùn tó díjíìtì 15, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó ṣí i lójú yín, kẹ́ ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì kán tó-ó sára bọ́ọ̀dù àti sára bátìrì, kẹ́ ẹ lè mọ̀ tí wọ́n bá pààrọ̀ wọn. Kútẹ́ẹ̀sì pupa kan tó fún ọdún kan. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ò ní bínú.

Èyí tó bọ́ sómi

Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣájì ẹ̀, ẹ má tàn án wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, iná tó ń kọjá nínú omi ló ń ba bọ́ọ̀dù jẹ́, ju omi fúnra ẹ̀ lọ. Ẹ má sì rì í sínú ìrẹsì, mo bẹ̀ yín. Obìnrin kan gbé Samsung ẹ̀ wá bá mi, ọjọ́ mẹ́rin ló ti wà nínú ìrẹsì nínú ike, mo ṣí i, hóró ìrẹsì kan ti há sẹ́nu ihò ṣájà, ó ti mumi, ó ti wú, ìyẹ̀fun funfun wà lára gbogbo nǹkan, bọ́ọ̀dù sì ti hu àwọ̀ ewé lábẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn ló pa á. Apple náà ti kìlọ̀ ọ̀rọ̀ ìrẹsì yìí fún àwọn oníbàárà wọn. Ọjọ́ kan náà ló yẹ kẹ́ ẹ gbé e lọ fún ẹni tó máa ṣí i, tó máa fi isopropyl alcohol, èyí tí wọ́n kọ 99% sí lára, fọ bọ́ọ̀dù. Tẹ́ ẹ bá rí i tó fẹ́ fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Tó bá tiẹ̀ jí, ẹ má náwó ńlá lé e lórí. Owó fífọ̀ nìkan, kẹ́ ẹ kó ẹrù jáde, kẹ́ ẹ máa lò ó fún oṣù kan kẹ́ ẹ tó ra skríìnì sí i, torí ó lè dógùn-ún díẹ̀díẹ̀ nínú.

Èyí tí àtúnṣe ò wúlò fún mọ́

Fóònù tí WhatsApp ti fi sílẹ̀. Ní January 2025 wọ́n kúrò lórí Android 4.4, ní May ọdún yẹn wọ́n kúrò lórí iPhone 5s àti iPhone 6, skríìnì tuntun ò lè mú un padà. Èyí tí áàpù báńkì ti ń kọ̀. Èyí tí wọ́n ti fi ooru jó bọ́ọ̀dù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n lè tún un ṣe. Ti ìyá àgbà tó kàn ń pè tó sì ń gbà nìkan, bátìrì tó fún un, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Tẹ́ ẹ bá wá ń ra òmíì, UK used tó dára sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ lójú tèmi. Inú ṣọ́ọ̀bù tó ní pátákó ni kẹ́ ẹ ti rà á, ì báà jẹ́ Queen Cinema níbí tàbí Ọ̀tìgbà n'Ìkẹjà, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ̀ lé yín lójú títì. Ẹ ki sím yín bọ̀ ọ́, ẹ pè, ẹ wò ó pé kò sí àkáǹtì ẹni ẹlẹ́ni lórí ẹ̀, kí nọ́ńbà *#06# bá ti ara páálí àti ti rìsíìtì mu.

Èyí tó bàjẹ́, ẹ má jù ú dànù. Ẹ nu inú ẹ̀ nù tó bá ṣì ń tàn, kẹ́ ẹ yọ àkáǹtì Google tàbí iCloud yín kúrò, kẹ́ ẹ gbé e lọ fún ẹnjiníà, kámẹ́rà ẹ̀, ihò ṣájà ẹ̀, spíkà ẹ̀, owó ni gbogbo ẹ̀. Bátìrì tó wú nìkan ni mi ò kì í rà, ẹ má sì sun ún mọ́ pàǹtírí. Inú agolo mílíìkì tí mo bu yẹ̀pẹ̀ sí ni mo máa ń kó wọn sí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí oòrùn ò dé.