Bí A Ṣe Lè Mú Ibùdó Dátà Gbòòrò ní Ìbàdàn Láìfi Iná Ṣòfò, Kí Íntánẹ́ẹ̀tì Ìlú sì Yá Sí I

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní Bódìjà tó fẹ́ fi fáìlì ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Challenge, tí iléeṣẹ́ tó ń fún ọ̀kan ní íntánẹ́ẹ̀tì sì yàtọ̀ sí ti èkejì. Bí àwọn iléeṣẹ́ méjèèjì kò bá pàdé níbì kankan ní Ìbàdàn, fáìlì náà yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èkó. Bí wọn kò bá sì pàdé ní Èkó, yóò bọ́ sínú okùn abẹ́ òkun, yóò dé Yúróòpù, kí ó tó padà wá sí ìlú tó ti gbéra. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú okùn fáíbà, nítorí náà okùn tó gùn tó 7,000 kìlómítà yóò gba mílísẹ́kọ́ǹdì 70 ní àlọ àti àbọ̀, kí ẹ̀rọ kankan tó fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà. Ìrìn tó yẹ kó parí nígboro ni a sọ di ìrìn àjò òkè òkun, dọ́là ni a sì fi ń san owó ọkọ̀ rẹ̀.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé orí ilé àti ẹ̀rọ amúlétutù ni ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ mú ibùdó dátà (ilé àwọn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà) gbòòrò ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí dátà ń gbà yóò sì gbẹ̀yìn. Ibùdó dátà tó tóbi, tí ọ̀nà rẹ̀ sì jìn sí àwọn ará ìlú, àká tí kò ní ọjà nítòsí ni. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún yunifásítì, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí oníṣòwò tó ní bíi rack mẹ́wàá (àgbékọ́ irin tí a ń to kọ̀ǹpútà sí) lọ́wọ́ ní Ìbàdàn, tàbí ní ìlú bí Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Ìlọrin, tó sì ń gbèrò láti fi kún wọn.

Ẹ kọ́kọ́ wọn iná tó ń wọlé

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ má ṣe ra ohunkóhun kí ẹ tó mọ ibi tí iná tí ẹ ń sanwó rẹ̀ báyìí ń lọ. Ẹ fi mítà sí ibi mẹ́rin: ibi tí iná ti wọ inú ọgbà, ẹ̀yìn UPS (ẹ̀rọ bátìrì tó ń gbé iná dúró bí iná bá já), orí wáyà tó ń gbé iná lọ sí àwọn ẹ̀rọ amúlétutù, àti inú rack kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi iye iná tí àwọn server (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà) àti switch (ẹ̀rọ tó ń so wọ́n pọ̀) jẹ pín gbogbo iná tó wọ inú ọgbà, èsì rẹ̀ ni ìwọ̀n tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè ní PUE. Bí èsì náà bá jẹ́ 2, a jẹ́ pé fún kílówáàtì kan tí server lò, kílówáàtì mìíràn ti bá ìtutù, UPS àti gílóòbù lọ. Àwọn ibùdó ńláńlá Google sún mọ́ 1.1, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní ilẹ̀ tó tutù ju tiwa lọ, ẹ má sì fi wọ́n ṣe òṣùwọ̀n ara yín. Láti 2 bọ́ sí 1.5 ni mo kà sí iṣẹ́ tí ibùdó kékeré níhìn-ín lè ṣe láìṣẹ́ ara rẹ̀ níṣẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Rack mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ kílówáàtì 5 yóò jẹ kílówáàtì 50. Bí PUE bá jẹ́ 2, ọgbà yóò gba kílówáàtì 100. Bí ó bá jẹ́ 1.5, yóò gba 75. Kílówáàtì 25 tó wà láàárín wọn, fún wákàtí 8,760 tó wà nínú ọdún, jẹ́ 219,000 yúníìtì iná. Nígbà tí owó iná àwọn oníbàárà Band A gòkè sí ₦225 fún yúníìtì kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, iye yẹn jẹ́ ₦49,275,000 fún ọdún kan; ẹ fi iye tó wà lórí bíìlì yín lónìí rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé e, tí lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ń mú bíi yúníìtì 3.5 wá, lítà 7 ń jóná ní wákàtí kọ̀ọ̀kan lórí iná tí server kankan kò fojú kàn. Ẹ wá wò ó láti apá kejì: tiransifọ́mà tó ń fi kílówáàtì 100 gbé rack mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ yóò gbé mẹ́tàlá bí PUE bá bọ́ sí 1.5. Rack mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ìmúgbòòrò yín ti wà nínú ilé tí ẹ ń gbé.

Ẹ má fi ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo wọn ọ́n. Ọ̀sán oṣù Kẹta àti òru ọyẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni oṣù Kẹjọ tí òjò ń rọ̀ yàtọ̀ sí méjèèjì. Bí ẹ bá ń wọn iná lọ́wọ́, ẹ máa béèrè orúkọ ẹni tó ni server kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí yàrá tí server mẹ́rin ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tí kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, torí pé ẹni tó gbé wọn wọlé ti kúrò níbi iṣẹ́. Iná tó rọrùn jù lọ láti dín kù ni iná ẹ̀rọ tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ooru ni kí ẹ bá jà

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù lọ, ibí yìí náà ni àtúnṣe kò ti wọ́n. Server ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti iwájú, ó sì ń tu afẹ́fẹ́ gbígbóná sẹ́yìn. Bí ẹ̀yìn ìlà rack kan bá kọjú sí iwájú ìlà kejì, afẹ́fẹ́ gbígbóná ìlà kìíní ni ìlà kejì yóò máa fà, ẹ ó sì máa ra ẹ̀rọ amúlétutù kún ẹ̀rọ amúlétutù láìrí ojútùú. Ẹ tò wọ́n lójú kojú àti lẹ́yìn kẹ́yìn, kí ẹ wá fi ilẹ̀kùn àti òrùlé ike bo ọ̀nà tó wà láàárín àwọn ojú méjèèjì, kí afẹ́fẹ́ tútù má baà rí ibi sá lọ. Ẹ fi pátákó ike dí gbogbo àyè tó ṣófo nínú rack, kí ẹ sì dí àwọn ihò tí wáyà ń gbà kọjá. Ẹ má fojú kéré àwọn ihò yìí: afẹ́fẹ́ kì í bọ̀wọ̀ fún ètò tí a yà sórí ìwé, ọ̀nà tó rọrùn fún un ni yóò gbà.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó fọwọ́ kan ìwọ̀n ìtutù. ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìtutù ní Amẹ́ríkà, dámọ̀ràn pé kí afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹnu server wà láàárín dígírì 18 sí 27. Ọ̀pọ̀ yàrá ní ilẹ̀ wa wà ní 18 tàbí kó tilẹ̀ rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ ẹ̀wù òtútù nínú ìlú tí oòrùn ti ń jó. Ẹ máa fi dígírì kan kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wò ó lẹ́nu server fúnra rẹ̀, kì í ṣe lára ògiri. Èmi yóò dúró ní 24 tàbí 25, n kò ní dé 27, nítorí pé bí iná bá lọ tí ìtutù sì dúró, dígírì méjì tó ṣẹ́ kù yẹn ni àkókò tí ẹ ní kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e. Bí ẹ̀rọ yín bá ní fáànù tó ṣeé dín eré rẹ̀ kù, ẹ dín in: fáànù tó ń sá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún eré rẹ̀ ń jẹ nǹkan bí ìdajì iná tó ń jẹ tẹ́lẹ̀.

Ẹnìkan yóò bi yín pé kí ló dé tí ẹ kò ṣí ilé sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ ìta wọlé, bí wọ́n ti ń ṣe ní Sweden tàbí Jámánì. Ohun méjì ló dínà rẹ̀ ní Ìbàdàn. Àkọ́kọ́ ni omi inú afẹ́fẹ́: ASHRAE kò fẹ́ kí ìwọ̀n tí omi náà ti ń di ìrì kọjá dígírì 15, ṣùgbọ́n nígbà òjò, tiwa ń kọjá 20. Èkejì ni eruku ọyẹ́, tó máa ń wọ inú fáànù, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ara pátákó iná. Ètò tí afẹ́fẹ́ ìta ti ń mú omi inú páìpù tutù, tí kò sì fara kan server, ṣeé lò, ṣùgbọ́n òru ọyẹ́ ni èrè rẹ̀ pọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ tà á fún yín fi ojú ọjọ́ Ìbàdàn ṣírò rẹ̀, kì í ṣe ti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì, ẹ máa yẹ asẹ́ afẹ́fẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Iná

Ẹ béèrè fún wáyà iná 33kV (fóltì 33,000) bí ó bá wà nítòsí, torí pé ìdíwọ́ tó wà lórí 11kV sábà máa ń pọ̀ jù ú lọ. Ẹ ra UPS tó ṣeé fi apá kún díẹ̀díẹ̀; UPS ńlá tí ẹrù rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ ń sọ iná di ooru lásán. Bátìrì olójé ń pàdánù nǹkan bí ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ bí ó bá ń gbé nínú ooru tó fi dígírì 10 ju 25 lọ, nítorí náà ẹ fi í sí yàrá tútù, tàbí kí ẹ gba oríṣi lithium tó lè fara da ooru. Ẹ sì tò ohun gbogbo débi tí ẹ lè yọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fún àtúnṣe láìpa server kankan. Ohun tí Uptime Institute, ẹgbẹ́ tó ń fi ibùdó dátà sí ìpele, ń pè ní Tier III nìyẹn ní kúkúrú.

Sólà dára, ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́ nípa rẹ̀ fún àwọn tó ń fowó sílẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì kílówáàtì 100 ní ìhà wa ń mú nǹkan bí yúníìtì 350 sí 400 wá lójúmọ́. Ibùdó tó ń gba kílówáàtì 75 ń jẹ 1,800. Ìdá kan nínú márùn-ún ni ẹ rí yẹn, ọ̀sán tí ìtutù ń ṣiṣẹ́ jù lọ ló sì bọ́ sí, ó yẹ kí ẹ rà á. Ẹni tó bá sọ pé sólà orí òrùlé yóò gbé gbogbo ibùdó náà kò tíì ṣírò rẹ̀.

Ọ̀nà tó ń wọ ibùdó

Ọ̀nà méjì ni ó kéré jù, kí ẹ sì rí i lójú pé méjì ni. Ẹ gba àwòrán ibi tí okùn fáíbà iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà, láti ẹnu ọ̀nà yín títí dé Èkó, kí ẹ gbé ọ̀kan lé èkejì. Bí méjèèjì bá gba etí títì Ìbàdàn sí Èkó nínú kòtò kan náà, katakátà kan ṣoṣo lè gé wọn lọ́jọ́ kan. Ẹ wá èyí tó gba Abẹ́òkúta tàbí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ ṣe bákan náà fún òkun. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ pọ̀ ní etí òkun Côte d'Ivoire, ẹni tó sì ra àyè lórí méjì nínú wọn rò pé òun ti ní ààbò. Okùn Equiano, tó gúnlẹ̀ sí Èkó lọ́dún 2022, kò bá wọn bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ kòtò tiyín, ẹ béèrè owó ilẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ kí ẹ tó ṣètò ìnáwó: àwọn gómìnà ti fẹnu kò lọ́dún 2020 sí ₦145 fún mítà kan.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ojúkò tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe pàṣípààrọ̀. IXPN, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2006, ni ojúkò bẹ́ẹ̀ fún Nàìjíríà, ìwádìí tí Internet Society sì gbé jáde lọ́dún 2020 fi hàn pé iye dátà tí Nàìjíríà ń pààrọ̀ nílé gòkè láti ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún 2012 sí ìdá 70. Ẹ gba nọ́ńbà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiyín lọ́dọ̀ AFRINIC, àjọ tó ń pín nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì ní Áfíríkà, ẹ so ara yín mọ́ ojúkò Èkó, kí ẹ sì yọ̀ǹda rack kan ní Ìbàdàn fún ojúkò kékeré. Switch kan tó dára, server kan tó ń gbé BIRD, ètò tí a kò fowó rà tó ń sọ ọ̀nà fún àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti iléeṣẹ́ mẹ́ta tó gbà láti pàdé ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má gba owó ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo di alákòóso rẹ̀. Bí ìkan nínú àwọn tó ń tajà bá ni kọ́kọ́rọ́ ọjà, àwọn yòókù kò ní pa àtẹ. Bí dátà tó ń kọjá bá ti pọ̀ tó, ẹ kọ̀wé sí àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń gbé fídíò káàkiri ayé pé kí wọ́n fi server ìpamọ́ wọn síbẹ̀. Ẹ fi RPKI, ìwé ẹ̀rí tó ń fi ẹni tó ni àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì hàn, tẹ àǹtẹ̀ sórí àwọn àdírẹ́ẹ̀sì yín láti ọjọ́ kìíní.

Nígbà tí ẹ bá ń kó àwọn rack tuntun wọlé, ìlà kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa gbé, kí ẹ máa wọn PUE lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dúró bí ó bá gòkè títí ẹ ó fi rí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe traceroute, àṣẹ kọ̀ǹpútà tó ń fi ibi tí dátà ń gbà hàn, láti ilé kan ní Bódìjà sí ilé kan ní Challenge, lórí iléeṣẹ́ méjì tó yàtọ̀, ẹ kọ orúkọ gbogbo ibi tó kọjá àti mílísẹ́kọ́ǹdì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ tí ojúkò bá bẹ̀rẹ̀. Bí orúkọ ìlú òkèèrè kan bá ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ pe iléeṣẹ́ tí ó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi wáyà dé ojúkò náà láì tíì kéde àdírẹ́ẹ̀sì wọn síbẹ̀.